Ejìnrìn, Ikùn, àti Ọ̀rọ̀ Kan tí Mo Sọ ní Ṣábẹ̀

Ẹ̀yin ará ilé, láti ìgbà tí mo ti dé ni ẹ ti ń bi mí bí ìlú onílùú ṣe rí, ẹ̀rín ni mo sì ń fi dá yín lóhùn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má kà á sí ìgbéraga. Ẹ̀rù ni ó ń bà mí. Mo sọ ọ̀rọ̀ kan ní Ṣábẹ̀, ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí kò gùn ju ìmí ẹ̀ẹ̀kan lọ, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ẹ̀mí obìnrin tó gbà mí sílé. Ọ̀rọ̀ náà ṣì ń rìn kiri báyìí. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ èyí. N ó sọ ohun gbogbo bí ó ṣe rí, pàápàá ibi tí ojú ti tì mí.

Ibodè

Iṣẹ́ tí wọ́n rán mi kò le létí. Ẹ̀kọ́ nípa èròjà inú ara ohun abẹ̀mí ni mo kà ní yunifásítì. Ọ̀gá tí mo ń bá ṣiṣẹ́ ní yàrá ìwádìí gbọ́ pé àwọn ará Ṣábẹ̀ ní àgbo kan fún àtọ̀gbẹ, àìsàn tí àwa kan ń pè ní ìtọ̀ ṣúgà. Ejìnrìn ni, ejìnrìn kan náà tí ń fà lórí ọgbà wa níhìn-ín, ṣùgbọ́n èèpo igi kajú ni àwọn fi ń sè é. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ti fi irú ewé bẹ́ẹ̀ sínú ìgò, wọ́n sì rí i pé ó ń bá ṣúgà jà, pé ó tún ní èròjà tí kì í jẹ́ kí ara ènìyàn dógùn-ún bí irin tí òjò pa. Ṣùgbọ́n ènìyàn kì í ṣe ìgò. Ohun tí a bá mu, yóò kọjá nínú omi kíkan tó wà ní ikùn, yóò bá òróòro pàdé nínú ìfun, kí ó tó dé inú ẹ̀jẹ̀. Lẹ́yìn tí gbogbo rẹ̀ bá ti dà tán, kí ni ó kù nínú agbára ewé náà? Ìbéèrè ọ̀gá mi nìyẹn. Kí n lọ wo bí wọ́n ṣe ń sè é, kí n sì kó ewé àti èèpo wá.

N kò ní fi ọ̀ràn mọ́tò gba àkókò yín. Ní ibodè, ọkùnrin kan tí ó wọ aṣọ ìjọba na ọwọ́ sí mi.

"Papíyè ẹ dà?"

Mo fún un ní ìwé mi. Ó ṣí àpò mi, ó bá ẹ̀rọ kékeré tí a fi ń wo ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ níbẹ̀, pẹ̀lú àwọn abẹ́rẹ́ wẹ́wẹ́ rẹ̀ nínú ike. Ó gbójú sókè wò mí. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé. Mo ṣàlàyé ẹ̀rọ, mo ṣàlàyé àtọ̀gbẹ, mo ti dé orí bí omi inú ikùn ṣe ń kan nígbà tí ó gbé ọwọ́ sókè.

"Ó tó, àbúrò, ó tó. Ìwé rẹ ni mo béèrè, n kò béèrè ìfun rẹ."

Gbogbo àwọn tó tò sẹ́yìn mi bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, mo sì tún ń ṣàlàyé fún ẹni tó wà lẹ́yìn mi títí tí a fi kọjá. Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ fún yín: bí ẹ̀rù bá ń ba ẹlòmíràn, yóò dákẹ́. Bí ó bá ń ba èmi, ẹnu mi kì í dúró. Ó máa ń ṣe mí bíi pé bí mo bá ti ṣàlàyé tó, kò sí ẹni tí yóò lè bínú sí mi. Ìwà tí mo gbé dé Ṣábẹ̀ nìyẹn.

Òkúta lẹ́yìn ilé

Òkúta ni ó kọ́kọ́ kí mi. Kì í ṣe òkúta tí a fi ń ti ilẹ̀kùn o. Òkè ni, dúdú, dídán, tí kò ní ewéko lórí, ó jókòó sẹ́yìn àwọn ilé bí ẹni tó ń retí kí a parí ọ̀rọ̀. Ilé wà lábẹ́ rẹ̀, àwọn ènìyàn ń gún iyán níbẹ̀, kò sí ẹni tí ń wo òkè. Ọrùn mi kò kúrò lókè. Mo bi ọlọ́kadà tó gbé mi, àwọn tí wọ́n ń pè ní sémì níbẹ̀, bóyá òkúta náà kì í yí wálẹ̀.

"Àwọn bàbá bàbá wa bá a níbẹ̀," ó ní. "Àbí ìwọ ni ó ń dúró dè láti ọjọ́ yìí kí ó tó yí?"

Yorùbá ni wọ́n ń sọ, mo sì ti ń fi ọkàn ara mi balẹ̀ tẹ́lẹ̀ pé èdè kò ní í ṣe mí ní àlejò. Irọ́ ni. Èdè wọn dà bí ilé ẹ̀gbọ́n ìyá ẹni: o mọ̀ pé ẹbí ni, ṣùgbọ́n o kò mọ ibi tí wọ́n gbé ìkòkò omi sí. Mo ń gbọ́ ọ̀rọ̀ mẹ́rin, ìkarùn-ún a sá mọ́ mi létí, ìkẹfà a jẹ́ ti àwọn Faransé. Bí mo bá sì la ẹnu tèmi, àwọn ọmọdé a máa sọ pé, "Ẹ gbọ́ ọmọ Nàìjíríà!" Orúkọ tí mo jẹ́ títí mo fi kúrò níbẹ̀ nìyẹn.

Ilé Ìyá Kọ́ládé ni mo dé sí. Opó ni wọ́n, wọ́n ń kó iṣu lọ tà ní Kútọnu, Rafíátù, ìyàwó ọmọ wọn, ni ó sì ń bá wọn gbé. Wọ́n fún mi ní omi, wọ́n gbé iyán wá pẹ̀lú ọbẹ̀ ẹ̀pà àti wàrà dídín. Wọn kò bi mí ní nǹkan kan. Wọn kò béèrè pé kí ni mo wá ṣe, wọn kò béèrè ọjọ́ tí mo máa lọ. Mo jẹ iyán náà pẹ̀lú ìpayà. Mo rò pé wọ́n ti fura sí mi, pé wọ́n ti ránṣẹ́ pe ẹnì kan. Nígbà tí ó di ìyálẹ̀ta ọjọ́ kejì, tí mo jẹ ọ̀jọ̀jọ̀ tán, Ìyá Kọ́ládé nu ọwọ́ wọn, wọ́n ní, "Ó dára. Kí lo wá ṣe?"

Rafíátù ló wá là mí lóye lẹ́yìn náà. Nínú ilé yẹn, wọn kì í bi àlejò ní iṣẹ́ tó gbé e wá kí ó tó jẹun lẹ́ẹ̀mejì. "Ẹni tí ebi ń pa, ohun tó bá rò pé a fẹ́ gbọ́ ni yóò sọ," ó ní. "Ìyá wa ní kí á kọ́kọ́ fún un ní oúnjẹ, ká tó gbọ́ òótọ́ lẹ́nu rẹ̀."

Mo fẹ́ kí ẹ rántí pé mo yó ní ọjọ́ tí mo parọ́.

Ìdajì

Ìyá Kọ́ládé fúnra wọn ní àtọ̀gbẹ. Wọ́n ń lo oògùn ilé ìwòsàn, kọ́ńpírímé funfun kan ní àràárọ̀. Bí wọ́n bá jẹun tán, wọ́n á tún mu àgbo ejìnrìn, igbá kékeré kan péré. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n ti ń ṣe é bẹ́ẹ̀, ara wọn sì le.

Wọ́n mú mi lọ sí oko kajú wọn lójú ọ̀nà Boni, kí n lè rí bí wọ́n ṣe ń bó èèpo. Wọn kì í bó o lára igi tó dúró. Ẹ̀ka tí wọ́n bá gé kúrò nígbà tí wọ́n ń tún oko ṣe ni wọ́n ń kó jọ. "Igi tó ń so fún ọ, o kì í bọ́ aṣọ lára rẹ̀," ni Ìyá Kọ́ládé wí. Obìnrin mẹ́rin ni wọ́n jókòó sábẹ́ igi pẹ̀lú ọ̀bẹ. Èyí tí ohùn rẹ̀ ga jù nínú wọn ni ọ̀rẹ́ Ìyá Kọ́ládé, Ìyá Múfú, tí àwọn náà ní àtọ̀gbẹ.

"Ọmọ Nàìjíríà," ni Ìyá Múfú pè mí, "ẹ̀yin tí ẹ jáde fákúlítè, ṣé ejìnrìn ti tán nílé yín ni?"

"Rárá, Màmá. Bí ẹ̀yin ṣe ń sè é ni a fẹ́ mọ̀."

"Omi, iná, ìkòkò. Tètè kọ ọ́ sílẹ̀ kó má bàa sá lọ."

Wọ́n rẹ́rìn-ín mi títí. Ìyá Kọ́ládé ní kí wọ́n fi mí sílẹ̀. "Bí o bá gbé e délé, kí lo fẹ́ ṣe sí i?"

Inú mi dùn sí ìbéèrè yẹn ju bó ti yẹ lọ. Mo fà mọ́ wọn. "A ó dà á sínú omi kíkan tó dà bíi ti inú ikùn, Màmá, nínú ooru tó bá ti ara mu. A ó wá fi òróòro sí i, bíi ti inú ìfun. Bí ó bá dà tán, a ó wò ó bóyá ó ṣì lè ṣiṣẹ́. Nítorí pé ikùn kì í jẹ́ kí gbogbo agbára ewé kọjá."

Ọ̀bẹ Ìyá Kọ́ládé dúró. "Ikùn ń jẹ nínú rẹ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá."

"Tó báwo?"

Ibí yìí ni, ẹ̀yin ará ilé. A kò tíì wọn àgbo Ṣábẹ̀ rí. Kí a lè wọ̀n ọ́n ni mo ṣe lọ. Ìdáhùn tó tọ́ ni pé n kò mọ̀. Ṣùgbọ́n obìnrin mẹ́rin ń wò mí, mo sì ń gbọ́ nínú orí mi bí Ìyá Múfú yóò ṣe bi mí pé kí ni mo wá lọ kọ́ ní fákúlítè. Ẹ̀rù bà mí pé kí wọ́n má tún rẹ́rìn-ín mi.

"Bóyá ìdajì," ni mo wí. "Bóyá" yẹn, inú ọ̀fun ni mo sọ ọ́ sí. "Ìdajì" ni mo sọ ketekete.

"Ìdajì!" Ìyá Kọ́ládé mi orí. "Bí ọ̀nà Kútọnu gẹ́lẹ́. Bí oníbàárà bá ní ogójì iṣu ni òun fẹ́, ẹni tó bá di ogójì kò mọ iṣẹ́ ni. Ọ̀nà ń jẹ tirẹ̀. Èyí á kán, èyí á jẹrà. Iṣu ọ̀nà la máa ń dì lé e, kí ogójì lè pé bó bá délé."

"Ikùn náà ní iṣu ọ̀nà tirẹ̀ nìyẹn!" ni Ìyá Múfú pariwo. "Abájọ tí ṣúgà tèmi kò gbọ́ràn. Ikùn mi ló ń jẹ ẹ́. Ọ̀jẹun ni láti kékeré."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, ohùn tèmi sì ga ju tiwọn lọ. Ọkàn mi balẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ibodè. Ọ̀rọ̀ mi yé wọn! N kò rántí bi ara mi pé kí ni ó yé wọn.

Ṣúgà

Ọjọ́ kẹta sí i, ọkọ̀ iṣu fẹ́ gbéra láàárọ̀, Ìyá Kọ́ládé sì jí lọ sí ìdí iṣẹ́ láìjẹun. Mo ń kọ àkọsílẹ̀ mi nígbà tí mo gbọ́ tí Rafíátù ń pè wọ́n ní ẹ̀yìnkùlé, "Ìyá wa? Ìyá wa!" Ohùn kejì yẹn kò dà bí ti àkọ́kọ́.

Wọ́n jókòó sórí àpótí lẹ́bàá ààrò. Òógùn bò wọ́n bí ẹni tó jáde nínú odò, bẹ́ẹ̀ ni òtútù kò tíì kúrò nínú atẹ́gùn àárọ̀. Ọwọ́ wọn ń gbọ̀n. Wọ́n ń sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ń yọ̀ bọ́ lẹ́nu wọn. Wọ́n wò mí, wọn kò mọ̀ mí.

Mo sáré mú ẹ̀rọ. Mo gún ìka wọn. Iye tí mo rí kéré débi pé mo rò pé ẹ̀rọ ti bàjẹ́. Mo gún ìka mìíràn, ó tún kéré sí i.

"Rafíátù, ṣúgà! Ṣúgà àti omi, kíá!"

Kò kúrò lójú kan. "Ṣúgà kẹ̀? Ẹni tí dókítà ní kò gbọ́dọ̀ fi ahọ́n kàn án? Ọdún mélòó ni mo ti ń fi ṣúgà pamọ́ fún wọn nínú ilé yìí! Ṣé o fẹ́ pa wọ́n ni?"

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé. Mo ń sọ ti ẹ̀dọ̀, mo ń sọ ti ẹ̀jẹ̀, orí Ìyá Kọ́ládé sì ń tẹ̀ síwájú díẹ̀díẹ̀. Rafíátù dúró láàárín èmi àti wọn, ó na apá rẹ̀ méjèèjì. Mo wò ó, mo sì mọ ohun tí ó ń rí: àlejò tí kò ju ọ̀sẹ̀ kan lọ nílé wọn, tó ní abẹ́rẹ́ lọ́wọ́, tó fẹ́ da ṣúgà sẹ́nu alátọ̀gbẹ. Bí mo bá jẹ́ òun, n kò ní gbà. Èrò kan tún wọ inú mi tí mo gbọ́dọ̀ sọ: bí mo bá dákẹ́ báyìí, tí wọ́n sì kú, àìsàn wọn ni yóò jẹ́. Bí mo bá fún wọn ní ṣúgà tí wọ́n sì kú, èmi ni. Mo rò ó. Kò pẹ́, ṣùgbọ́n mo rò ó.

"Ṣúgà ti tán nínú ẹ̀jẹ̀ wọn," ni mo wí. "Bí mo bá ṣì í, n kò ní sá. Di ọwọ́ mi mú."

Ó wò mí. Ó wọlé lọ, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó yọ ike ṣúgà láti ìsàlẹ̀ àpótí aṣọ rẹ̀. A pò ó mọ́ omi. Ìyá Kọ́ládé ṣì lè gbé e mì. Rafíátù gbé orí wọn dání, èmi fi ṣíbí sí wọn lẹ́nu, díẹ̀, díẹ̀, díẹ̀. N kò mọ bí ó ti pẹ́ tó. Adìẹ kan wá ń ṣa nǹkan jẹ lẹ́sẹ̀ wa, kò sí ẹni tó lé e. Nígbà tó yá, ojú wọn padà wá sójú wọn.

"Kí lẹ fi sí mi lẹ́nu?"

"Ṣúgà ni, Ìyá wa," ni Rafíátù wí, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀.

"Hẹn." Wọ́n lá ètè. "Ẹ kò sọ fún mi pé ó ṣì dùn tó báyìí."

Ẹ̀yìn wọn ni mo ti rí ìkòkò àgbo. Igbá ńlá, èyí tí a fi ń bu omi ìwẹ̀, ló wà lórí rẹ̀, kì í ṣe igbá kékeré, ìkòkò sì ti gbẹ.

Ẹ̀bi

A gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì tó wà lẹ́nu iṣẹ́ jẹ́ ọmọ Kétu tí ìjọba gbé wá sí Ṣábẹ̀. Ó wo Ìyá Kọ́ládé, ó fa omi sí wọn lára, ó ní wọn yóò sùn síbẹ̀ níṣojú òun títí di ọjọ́ kejì. Ó wá jókòó.

"Màmá, igbá mélòó?"

"Méjì. Ńlá. Kí ikùn lè ní tirẹ̀."

"Kí ikùn lè ní kí ni?"

Wọ́n ṣàlàyé ìdajì àti iṣu ọ̀nà fún un, tayọ̀tayọ̀, bí ẹni tó ń kọ́ ọmọdé ní òwò. Nọ́ọ̀sì gbọ́ ọ parí. "Kọ́ńpírímé yín ńkọ́? Ẹ mu ún?" Wọ́n mu ún. "Oúnjẹ ńkọ́?" Wọn kò jẹ. Ó fi ọwọ́ bo ojú. "Àgbo yẹn ń fa ṣúgà sílẹ̀. Kọ́ńpírímé ń fà á sílẹ̀. Ẹ wá sọ àgbo di ìlọ́po, kò sì sí oúnjẹ nínú yín. Ta ló sọ ìdajì fún yín?"

Ìyá Kọ́ládé ń tún aṣọ ìbora wọn ṣe. Wọn kò wò mí. Ẹ̀yin ará ilé, wọ́n fẹ́ bò mí láṣìírí, lórí ibùsùn tí mo fi ẹnu mi gbé wọn sí.

"Èmi ni," ni mo wí.

"O wọ̀n ọ́n?"

"Rárá."

"Kí ló wá dé?"

Mo la ẹnu láti ṣàlàyé. Kò sí àlàyé. "Wọ́n bi mí ni," mo ní, "ojú sì ń tì mí láti sọ pé n kò mọ̀."

Nọ́ọ̀sì kò pariwo mọ́ mi. Ì bá sàn kí ó pariwo. Ó kọ nǹkan sínú ìwé, ó wá bi Ìyá Kọ́ládé bóyá ẹlòmíràn gbọ́ ọ̀rọ̀ náà.

"Ọ̀rọ̀ ọlọ́gbọ́n?" ni wọ́n wí. "Ta ni n kò sọ ọ́ fún?"

Ilé dé ilé

Ọjọ́ méjì tó kù fún mi, èmi àti Rafíátù ni a fi wá ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo kiri. Nọ́ọ̀sì ló kọ́ wa ní ohun tí a ó sọ: kí ẹnikẹ́ni má fi kún ìwọ̀n àgbo rẹ̀, kí ẹni tó ń lo oògùn ilé ìwòsàn wá rí òun kí ó tó tún mu ún, kí wọ́n sì mọ̀ pé òógùn àti ìgbọ̀nrìrì kì í ṣe ibà lásán, kí wọ́n tètè wá nǹkan dídùn sẹ́nu. Rafíátù a sọ ọ́. Èmi a wá fi kún un pé èmi ni mo sọ ìdajì, àti pé n kò wọ̀n ọ́n.

Kò sí ilé tí ó rọrùn. Bàbá àgbà kan gbá àyà, ó ní òun ti mu ìlọ́po mẹ́ta, ara òun le bí àpáta tó wà lẹ́yìn ilé. Mo bẹ̀ ẹ́ kí n gún ìka rẹ̀. Ó lé mi jáde. Obìnrin kan tó ń sá èlùbọ́ gbọ́ mi títí mo fi parí. "Lánàá ìdajì ni," ó ní, "lónìí o kò mọ̀. Lọ́la ńkọ́?" Kò bínú. Ó padà sí ìdí èlùbọ́ rẹ̀.

Ilé tí mo fi sígbẹ̀yìn ni ti Ìyá Múfú. Mo bẹ̀rù àwàdà wọn. Ilẹ̀kùn wà ní títì. Ará ilé kejì ní wọ́n ti wọ ọkọ̀ àárọ̀ lọ sí Párákù, ọmọ wọn bímọ. Wọ́n gbé ìgò àgbo ńlá dání, wọ́n tilẹ̀ fi han àwọn ará ilé kí wọ́n tó lọ, wọ́n ní, "Ẹ wò ó, iṣu ọ̀nà náà ti wà nínú rẹ̀."

A pe fóònù wọn. Kò wọlé. A pè é títí ilẹ̀ fi ń ṣú. Kò sí ẹni tó mọ àdúgbò tí ọmọ wọn ń gbé ní Párákù.

Ní ọjọ́ tí mo fẹ́ lọ, Ìyá Kọ́ládé ti padà sílé, wọ́n jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n di ewé àti èèpo fún mi, wọ́n fi okùn so ó dáadáa. Mo kúnlẹ̀, mo bẹ̀ wọ́n. Wọ́n jẹ́ kí n bẹ̀ tó.

"Dìde," wọ́n ní. "Bí o bá wọ̀n ọ́n tán, iye tó bá jẹ́ ni kí o ránṣẹ́ sí mi. Bó bá jẹ́ pé ikùn ń jẹ gbogbo rẹ̀, sọ bẹ́ẹ̀. Bó bá jẹ́ pé kò jẹ nǹkan kan níbẹ̀, sọ bẹ́ẹ̀. Mo ti tó ẹni tí a ń sọ òótọ́ fún."

A ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà ní yàrá ìwádìí. Kò tíì parí. Bí ẹ̀yin náà bá bi mí ní ohun tí mo rò pé a ó rí, ẹ má bínú, n kò ní sọ.

Rafíátù pè mí lánàá. Nígbà tí orúkọ rẹ̀ jáde lórí fóònù, mo jẹ́ kí ó dún títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kú, kí n tó gbé e. Ara Ìyá Kọ́ládé ti yá. Ìyá Múfú kò tíì dé, fóònù wọn kò sì tíì wọlé.

Bí ẹ bá ní ènìyàn ní Párákù, ẹ bá mi ránṣẹ́ sí i. Obìnrin kúkúrú ni wọ́n, ohùn wọn ga, àwàdà kì í tán lẹ́nu wọn, ilé ọmọ tuntun ni wọ́n dé sí. Ẹ ní kí wọ́n gbé ìgò yẹn sílẹ̀, kí wọ́n jẹun, kí wọ́n lọ rí nọ́ọ̀sì tó bá sún mọ́ wọn jù. Bí ẹni tí ẹ rán bá sì dé ibẹ̀ tí ó ti pẹ́ jù, ẹ má ṣàánú mi. Ẹ sọ ọ́ fún mi bẹ́ẹ̀.